Páúdà Ìyá Aláyọ́ọ̀nù

Ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lọ́dọ̀ Ìyá Aláyọ́ọ̀nù. Ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń lọ ẹ̀wù àwọn tó ń jókòó sí ọ́fíìsì, bí ó bá sì lọ ọrùn ẹ̀wù kan tán, ẹni tó wọ̀ ọ́ ní láti máa rọra yíjú. Kò jáde nílé rí láìwẹ̀, láìpara, láìbu páúdà sí ọrùn, àyà àti abẹ́ apá. Ó ní ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í gbé ara funfun lọ síwájú àlejò.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àkọ́bí ìyá wọn, ní kókó nínú ọmú. Ó fi aṣọ bò ó mọ́lẹ̀ títí ẹ̀pa kò fi bóró mọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ín ni Ìyá Aláyọ́ọ̀nù ti ń rọ àbúrò rẹ̀, tó ń ta bàtà, pé kí àwọn lọ ya àwòrán ọmú nílé ìwòsàn, èyí tí wọ́n fi ń wá kókó. Kò sí ohun tó ń ṣe wọ́n; àyẹ̀wò tí àwọn obìnrin ọjọ́ orí wọn máa ń lọ ṣe lóòrèkóòrè ni. Àbúrò gbà níkẹyìn, ṣùgbọ́n ó ní àdéhùn.

"Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ wọlé, ẹ̀gbọ́n mi. Ojú yín ni màá wò tẹ́ ẹ bá jáde. Bí mo bá rí omijé níbẹ̀, mo ti wà lọ́nà ilé."

"Omijé kẹ̀? Èmi tí áyọ́ọ̀nù ń jó lójoojúmọ́?"

"Ọwọ́ nìyẹn. Ọwọ́ kì í ṣe ọmú."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, Ìyá Aláyọ́ọ̀nù pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù, ó sì ka ìkìlọ̀ ilé ìwòsàn sí i létí: kó wẹ̀, ṣùgbọ́n kó má para, kó má bu páúdà, kó má fi lọ́fínńdà. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó lè yé e. Lẹ́yìn náà ó gbé fóònù sílẹ̀, ó múra, wọ́n sì jọ lọ.

Yàrá tí Ìyá Aláyọ́ọ̀nù kọ́kọ́ wọ̀ tutù. Ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ ga ju èèyàn lọ, ó ní pẹpẹ kan nísàlẹ̀ àti àwo pẹlẹbẹ kan lókè tó mọ́ gaara bíi gíláàsì. Obìnrin tó ń ya àwòrán, tí kò ju ọmọ rẹ̀ lọ, ní kó bọ́ ẹ̀wù. Ó bọ́ ọ, ó ká a dáadáa.

"Ẹ sún mọ́ ọn, màmá. Ẹ tún sún mọ́ ọn. Ẹ gbé ọmú yín lé e fún mi."

Obìnrin náà bá a tún ọmú ọ̀hún tò, bí ẹni ń tẹ́ aṣọ kó má bàa hun jọ. Ìyá Aláyọ́ọ̀nù gbà nínú ara rẹ̀ pé ó mọṣẹ́. Àwo òkè wá sọ̀ kalẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́, nígbà tó sì yẹ kó dúró, kò dúró.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ó ku díẹ̀."

"Kí ló tún kù tẹ́ ẹ fẹ́ tẹ̀?"

"Ẹ má mí."

Kò mí. Kò tiẹ̀ rántí bí wọ́n ṣe ń mí. Ohun tó fi tọ́ ọmọ mẹ́rin dàgbà tẹ́ pẹrẹsẹ níwájú rẹ̀ bíi àpò ìwé. Wọ́n yà á látòkè, wọ́n yà á lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n wá bọ́ sórí èkejì, tóun náà kò ṣẹ ẹnì kankan.

Nígbà tó fi máa jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti tún ojú ṣe. Àbúrò rẹ̀ wò ó láti iwájú orí dé àgbọ̀n.

"Báwo ni?"

"A ti ṣe é tán."

Kò tíì jókòó tí ìlẹ̀kùn tún fi ṣí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wọlé. A máa tún un yà. Àwọn nǹkan funfun wínníwínní kan wà nínú àwòrán yín."

Àbúrò dìde. Ó gbé báàgì kọ́ èjìká. Ojú rẹ̀ rí bó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n túfọ̀ àkọ́bí fún wọn.

"Àbí ẹ bu páúdà ni, mà? Páúdà máa ń hàn funfun báyẹn nínú àwòrán," ni obìnrin náà wí.

"Èmi? Rárá o," ni Ìyá Aláyọ́ọ̀nù dáhùn, nítorí pé bẹ́ǹṣì kún fún èrò.

Àbúrò ti ń rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Aláyọ́ọ̀nù mọ̀ pé bó bá fi lè jáde, kò sẹ́ni tó máa tún mú un wá síbẹ̀ mọ́. Òun náà á máa fi aṣọ bo ohun yòówù tó bá wà nínú ọmú rẹ̀, bíi ti àkọ́bí.

"Dúró!" Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló dúró. "Mo bù ú. Abẹ́ apá, abẹ́ ọmú, gbogbo rẹ̀ ni mo bù ú sí. Mi ò ṣáà lè gbé ara funfun wá bá ọmọ ọlọ́mọ."

Àbúrò yíjú padà. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pè mí láàárọ̀?"

"Èmi náà ni."

"Tẹ́ ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì?"

"Ìwọ ni mo sọ ọ́ fún. Mi ò sọ ọ́ fún ara mi."

Bàbá kan lórí bẹ́ǹṣì gbé ìwé ìròyìn bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Àbúrò rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ̀yìn ti ògiri.

Wọ́n fún Ìyá Aláyọ́ọ̀nù ní aṣọ tútù, ó fi nu páúdà náà kúrò, wọ́n sì tún un tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì ló dùn ún jù, nítorí ọmú ti mọ ohun tó ń bọ̀. Àwọn nǹkan funfun náà pòórá. Obìnrin náà ní dókítà ló máa sọ ìyókù, ṣùgbọ́n òun kò rí ohun tó ń dẹ́rù bani.

Báàgì ṣì wà léjìká àbúrò nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde. "Ṣé ó dunni?"

Ìyá Aláyọ́ọ̀nù wo èrò, ó wo ìlẹ̀kùn. "Ó dunni. Àfi bíi kí ìlẹ̀kùn mọ́tò há ọ lọ́mú, kí awakọ̀ sì lọ ra nǹkan. Ṣùgbọ́n awakọ̀ náà kì í pẹ́ kó tó dé."

"Ṣé ẹ ò purọ́?"

"Mo ti pa tòní tán."

Àbúrò gbé báàgì náà lé e lọ́wọ́, ó wọlé, ó ti ìlẹ̀kùn. Ìyá Aláyọ́ọ̀nù fi ọwọ́ méjèèjì di báàgì mú, ó sì tẹ́tí sí ìlẹ̀kùn títí ó fi gbọ́ tí àbúrò rẹ̀ ń bú awakọ̀ náà láti inú yàrá.