Ẹja Ilé Ọtí Etí Èbúté

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni ó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí nílùú ọba. Ọkọ mi ṣì ń kàwé. Èmi ríṣẹ́ sí ilé ọtí àtijọ́ kan létí èbúté, níbi tí àwọn àlejò ti ń jẹun, tí wọ́n ń mu bíà, tí wọ́n sì ń sùn sí yàrá òkè. Bẹ́ẹ̀dì ni mo ń tẹ́. Èmi náà ń sùn síbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, mo ń wálé sí Peckham lópin ọ̀sẹ̀. Mo fẹ́ràn ilé náà. Àjà rẹ̀ ń kan gèlè mi, ilẹ̀ pákó rẹ̀ ń dún bí arúgbó tó ń ráhùn, tí mo bá sì ṣí fèrèsé, afẹ́fẹ́ òkun á lé òórùn bíà jáde.

Nígbà tí a sọ àkọ́bí mi lórúkọ, mo gbé mọ́ínmọ́ín síwájú ẹ̀gbọ́n ọkọ mi náà. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti àwo náà lójú gbogbo àwọn ìyá mọ́sáláṣí.

"Ilé ọtí ni ẹni tó sè é ń sùn. N kì í jẹ oúnjẹ ọlọ́tí."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo kàwé jù ú lọ, ṣùgbọ́n èmi ni mo gbé àwo náà padà. Láti ọjọ́ náà, kò jẹ oúnjẹ mi mọ́: kò jẹ ẹ́ nígbà ọdún Iléyá, kò jẹ ẹ́ nígbà tí a sin ọkọ mi.

Lọ́dún yìí, ọmọ rẹ̀ obìnrin ní òun fẹ́ fi mọ́tò gbé èmi àti ìyá òun, àwa arúgbó méjèèjì, lọ wo òkun. Ó bi mí pé ibo ló dáa. Mo dárúkọ èbúté yẹn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Òjò lé wa wọ ilé ọtí náà. Àjà ṣì ń kan gèlè. Ọmọ náà ní kí wọ́n gbé ẹja díndín wá fún ìyá rẹ̀, ó wá jáde lọ wá ibi tí yóò gbé mọ́tò sí. Nígbà tí àwo dé, mo rí i bí ara ẹja náà ṣe pọ́n, tó wú. Mo dá a mọ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná kọjá nígbà yẹn, tí mo ń rí alásè tó ń da bíà sí ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń bo ẹja.

Jẹ ẹ́, mo wí nínú mi. Tí o bá jẹ ẹ́ tán, n ó sọ fún ẹ.

"Bísímílà," ó ní. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé fọ́ọ̀kì ń lu àwo. Òun nìkan ló kù láyé tó mọ ọkọ mi ní kékeré. Mo di ọwọ́ náà mú.

"Kí ló dé? Ebi lo fẹ́ fi pa mí?"

"Ẹ má jẹ ẹ́, Àǹtí. Bíà ni wọ́n fi po ìyẹ̀fun ara rẹ̀."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ṣebí mo ti sùn níbí rí. Ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́ fún gbogbo ayé."

Ó gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. "O ò bá ti jẹ́ kí n jẹ ẹ́."

"Ó kù díẹ̀ kí n jẹ́ kẹ́ ẹ jẹ ẹ́."

Mo ṣí kúlà mi lábẹ́ tábìlì. Mọ́ínmọ́ín eléwé ni mo sè wá fún ọmọ rẹ̀. Mo gbé ọ̀kan sáàárín wa, ṣùgbọ́n n kò fi lọ̀ ọ́; n kò ní bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó wo àwọn ọkọ̀ ojú omi títí. Lẹ́yìn náà ó fa ewé náà sọ́dọ̀, àmọ́ ìka rẹ̀ kò lè tú u.

"Ìyàwó wa," ó ní, "bá mi tú u."