Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Mi àti Ìkọ́kọrẹ́ Tí Mi Ò Jẹ

Bí mo bá wúkọ́ péré nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀kan á sáré lọ gbé omi gbígbóná, ọ̀kan á fọwọ́ kan ọrùn mi wò, ẹlòmíì á ní kí wọ́n gbé mi lọ sọ́síbítù kíákíá. Ẹ má rò pé ìfẹ́ ni o. Tàbí kẹ́ ẹ rò ó bẹ́ẹ̀, èmi ò mọ̀ títí dòní.

Bàbá mi ló fà á. Oníṣòwò aṣọ ni, ìyàwó mẹ́ta ló fẹ́, èmi nìkan sì ni ọmọ tí ìyá mi, ìyàwó kékeré, bí fún un. Nígbà tó fẹ́ kú, ó pe àbúrò rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ àgbà, ó ní kí ẹnikẹ́ni má pín ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì òun, tàbí ṣọ́ọ̀bù ńlá tó wà nísàlẹ̀ ilé náà, tàbí oko obì tó wà lọ́nà Òdogbolú, títí àbíkẹ́yìn òun yóò fi lọ sílé ọkọ. Àbíkẹ́yìn ọ̀hún ò tíì lè wẹ̀ fúnra rẹ̀. Èmi ni. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa, àbúrò bàbá mi so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ okùn ṣòkòtò rẹ̀, gbogbo wọn wá ń wo bí mo ṣe ń dàgbà.

Ìyá mi ò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré rárá. "Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà," bó ṣe máa ń wí nìyẹn, "inú ilé laṣeni ń gbé. Bó o bá kú, ẹni tó o tẹ̀ lé á di àbíkẹ́yìn, òun sì ti wà nílé ọkọ. Wọ́n á pín in kí ilẹ̀ sàréè rẹ tó gbẹ." Ó wá kọ́ mi ní ohun tí mo máa sọ bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún mi: "Ẹ ṣé o, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun ni, ẹ jẹ́ n gbé e lọ sílé." Ó ní kí n rẹ́rìn-ín sí i. Tí mo bá délé, adìẹ ló ni ín.

Àkọ́bí ìyáálé, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, mọ ìkọ́kọrẹ́ sè. Fúnra rẹ̀ ló máa ń rin ewùrà, á fi ẹja gbígbẹ àti pọ̀nmọ́ sí i, epo á máa ṣàn lójú rẹ̀. Gbogbo Sátidé ló máa ń sè é dè mí. Àwọn adìẹ wa sanra débi pé wọn ò lè fò mọ́. Kò sì sí èyí tó kú nínú wọn. Ìyá mi ní oògùn tí wọ́n ṣe fún èèyàn kì í mú adìẹ.

Nígbà tí mo di ọmọge, ìtọ́jú náà yíwọ́. Ọkọ ni wọ́n ń wá fún mi wàyí. Lásìkò tí mílíìkì àti ṣúgà di ohun tí à ń tò fún láti àárọ̀, àgbà nínú àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin á gbé páálí mílíìkì kan wá, ọkùnrin kan á sì tẹ̀ lé páálí náà wọlé. Wọ́n mú agbẹjọ́rò wá, wọ́n mú òṣìṣẹ́ báńkì wá, wọ́n tún mú bàbá kan wá tí eyín iwájú rẹ̀ ti yọ. Ẹ gbà mí! Mo lé gbogbo wọn. Mo ní iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń kọ́ ní Ìjagun. Àbúrò bàbá mi fọwọ́ pa kọ́kọ́rọ́ ìdí rẹ̀, ó ní, "Ṣé ìwé yẹn ò ní tán ni?"

Kí n má purọ́, ó dùn mọ́ mi. Àwọn tó tó bí mi lọ́mọ ń bẹ̀ mí bí ẹni ń bẹ ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n bí mo bá dá wà, ó máa ń dùn mí wọra pé kò sẹ́ni tó lè fẹ́ràn mi lásán kí n má wo ọwọ́ rẹ̀ bóyá kọ́kọ́rọ́ ló ń nà án sí.

Ìdí nìyẹn tí mo ṣe ṣọ́ olùkọ́ kan tó ń kọ́ni ní Òdogbolú lójú méjèèjì, nígbà tó bá mi sọ̀rọ̀ nínú takisí. Kò gbé páálí kankan dání. Mo bi í bóyá ó mọ àbúrò bàbá mi, ó ní rárá. Mo ka àwọn ẹ̀gbọ́n mi fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, kò mọ ìkankan. Mo tún purọ́ fún un pé a ti pín ogún wa tán, pé kò sóhun tó kàn mí. Ó ní, "Ṣé ogún ni mo ní mo fẹ́ ni?" Háà! Ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Mo mú un wá han ìyá mi. Ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó bi í ní ìlú rẹ̀ àti ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó wá ní kí n má kánjú o. Kí n má kánjú tó wí yẹn gan-an ló jẹ́ kí n kánjú.

A ṣègbéyàwó. Kò pẹ́ tí wọ́n fi jókòó pín ogún. Ìdí-igi ni wọ́n fi pín in: ìyàwó mẹ́ta, ọ̀nà mẹ́ta, láìka iye ọmọ. Ìdí ìyáálé mú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ìdí ìyàwó kejì mú oko obì, èmi àti ìyá mi mú ṣọ́ọ̀bù. Àbúrò bàbá mi tú kọ́kọ́rọ́ kúrò nídìí. Ṣọ́ọ̀bù tó ti wà ní títì láti ìgbà èwe mi, ẹ̀ẹ̀kan náà ló ṣí, wẹ́rẹ́. Kò sí ìgàn aṣọ kan nínú rẹ̀. Gbogbo wa wo àbúrò bàbá mi, òun náà ń wo àjà.

Kí oòrùn tó wọ̀, píkọ́ọ̀pù kan dúró níwájú ilé. Ìyá ọkọ mi ni, aránṣọ ni wọ́n. Ẹ̀rọ ìránṣọ wọn wà lẹ́yìn ọkọ̀, pẹ̀lú káfíńtà àti pákó tí wọ́n ti gé, tí wọ́n ti fá dán. Káfíńtà gbé pákó kan lé ògiri, ó ṣe rẹ́gí. Ó gbé òmíràn, èyí tí wọ́n gé kúrú nítorí òpó kan tó yọ sí igun ọ̀tún. Òun náà ṣe rẹ́gí.

Mo dúró, mò ń wo òpó yẹn. Ìyá mi ti máa ń ròyìn rẹ̀ fún mi: òpó náà ló máa ń fẹ̀yìn tì fún mi lọ́mú nígbà tó ń bá bàbá mi tajà.

Mo wọlé lọ bá a. Ìkọ́kọrẹ́ ló ń bù.

"Màmá, ta ló fún ìyá ọkọ mi ní ìwọ̀n ògiri?"

Kò wojú mi. "Ṣé ọkọ rẹ ń nà ẹ́ ni?"

"Rárá, mà."

"Ṣé ó ń febi pa ẹ́?"

"Rárá."

"Ìyá rẹ̀ ń wá ṣọ́ọ̀bù, èmi ń wá ọkọ fún ọmọ mi. Kí ló wá burú níbẹ̀? Àbí kí n kú síyàrá ẹ̀yìn yìí ni, kí n máa yọjú wo ṣọ́ọ̀bù tí èmi àti ọkọ mi jọ là lójú?"

Inú bí mi gan-an. Gbogbo ẹbí ni mo kà fún ọkùnrin yẹn nínú takisí, ìyá mi nìkan ni mi ò kà mọ́ wọn. Ọkùnrin náà sì dára, títí dòní ló dára. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, mi ò mọ èyí tó jẹ́ tèmi nínú oore rẹ̀ àti èyí tó jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù.

Ìyá mi gbé àwo síwájú mi. Epo ń ṣàn lójú rẹ̀. "Jẹun, ó ti rẹ̀ ẹ́."

Mo rẹ́rìn-ín sí i. "Ẹ ṣé o, Màmá," mo ní. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun ni. Ẹ jẹ́ n gbé e lọ sílé."