Ẹ̀ga Funfun Iwájú Ilé Wa

Èmi tí ẹ ń wò yìí, ẹyẹ ni mo kà níwèé. Ohun tó ń fún ìyẹ́ wọn láwọ̀, àti bí àwọ̀ ọ̀hún ṣe ń ti ara òbí bọ́ sára ọmọ, òun ni mo fi ń jẹun. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ̀ga funfun báláú kan yọ láàárín àwọn ẹ̀ga yòókù lórí ọ̀pẹ iwájú ilé wa ní Ìkọ̀yà, díẹ̀ ló kù kí n jó. Mo fi awò awọ̀nàjíjìn wò ó, ojú rẹ̀ pọ́n.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bàbá mi dé pẹ̀lú sùtánà lọ́rùn, wọ́n ní àmì ni. Ìyá àgbà kan wá sọ pé àfàìmọ̀ kí ìyá ẹyẹ yẹn má ti fò nínú oòrùn ọ̀sán gangan kó tó yé e. Ó yí ojú sí màmá mi, tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé.

Àfín ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i ni bàbá mi ti ń sọ pé màmá mi ló fi oyún rẹ̀ rìn nínú oòrùn. Gbogbo ìjọ ló mọ̀. Wọ́n ti gbààwẹ̀ lé màmá mi lórí nítorí ẹ̀.

Inú bí mi, èmi tí mi ò ní sùúrù tẹ́lẹ̀. Mo ní ìyá ẹyẹ kò ṣe nǹkan kan. Mo ní irú funfun yìí a máa sá pamọ́ sára bàbá, a máa sá pamọ́ sára ìyá, àfi bí àwọn méjèèjì bá fún ọmọ ló tó lè hàn.

Bàbá mi, tó jókòó lórí àga, béèrè pé, "Bàbá náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bó ṣe rí lára ẹyẹ ló rí lára èèyàn."

Gbogbo ojú yí sí i. Alàgbà ìjọ mà ni. Ó tún fìlà rẹ̀ dé, ó dìde, ó wọlé. Mo wá kọjú sí màmá mi, mo ń retí kó yọ̀. Ó bi mí bóyá òun rán mi níṣẹ́.

"Èmi lè gbé ẹ̀bi yẹn," ó ní. "Bàbá rẹ ò lè gbé e."

Ojú gbà mí tì. Mi ò lè dágbére fáwọn àlejò.

Bàbá mi kò jáde wá jẹun nírọ̀lẹ́. Màmá mi fúnra rẹ̀ gbé pupurú lọ bá a, mo tẹ̀ lé e kí n lè lọ tọrọ àforíjì. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Màmá mi gbé abọ́ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn náà.

"Ẹ má dá ọmọ yẹn lóhùn," ó ní. "Ẹyẹ ló mọ̀. Èmi ni mo rìn nínú oòrùn."