Ọjọ́ Tí Wọ́n Gbé Ẹran Wa Lọ

Mo rántí ìgbà tí ọ̀dà ara àwọn ilé Festac kò tíì ṣí, tí òórùn bọ́tà àti àtalẹ̀ jọ ń wọlé bá wa láti ilé oúnjẹ obìnrin kan ládùúgbò. Ará Àjàṣẹ́ tó wà lábẹ́ àwọn Faransé nígbà kan ni bàbá rẹ̀, ará Vietnam ni ìyá rẹ̀; ó ń yan kéèkì àwọn Faransé, ó sì ń fi àtalẹ̀ se pẹ́pẹ́yẹ. Ibẹ̀ ni mo mú ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fi ṣaya lọ, òun àti bàbá rẹ̀.

Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni bàbá náà, èmi ń ta mílíìkì àti ṣúgà lọ́jà Agboju. Wọ́n ti ní àwọn kò ní fọmọ fún ẹni tí àwọn kò mọ irú ilé tó ti jáde. Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Èmi lọ yá táì ọ̀rẹ́ mi, mo so ó le débi pé itọ́ ò ṣeé gbé mì.

A jẹ ìrẹsì tán féú, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan ẹran pẹ́pẹ́yẹ. Ìyá mi ti gbá mi lórí tó kí n tó mọ̀ pé ìkẹyìn là ń jẹ ẹran, àgbà ló sì ń kọ́kọ́ mú. Bàbá gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀, wọ́n ń mumi. Ni obìnrin náà bá dé, ó kó àwo wa tẹrantẹran, ó gbé kéèkì wá. Mo ní ó parí, wọ́n á ní ìrẹsì funfun ni mo pè wọ́n wá jẹ.

Bàbá ní, "Madam, ẹran wa ńkọ́?"

"Ẹ má bínú, sà. Mo rò pé kò dùn mọ́ yín lẹ́nu ni."

"Àwa, òun la fi ń parí oúnjẹ." Wọ́n yíjú sí mi. "Ìwọ náà ò jẹ tìẹ. Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ìyá mi ni, sà."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n nawọ́ sí mi. "Madam, ẹ gbé e padà wá. Ti ọmọ mi yìí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé."

Inú mi dùn débi pé mi ò mọ̀ bóyá iyọ̀ wà nínú pẹ́pẹ́yẹ náà.

Bàbá ti lọ báyìí, ilé oúnjẹ náà ti kógbá. Ìyàwó mi máa ń ní ọjọ́ ìgbéyàwó ni òun di tèmi, n kì í bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n èmi kò mọ bàbá tó bí mi. Àwọn àgbà oníbàárà máa ń pè mí lọ́mọ kí n lè dín owó ọjà kù. Èyí tí bàbá rẹ̀ pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbà gbọ́.