Àlejò Ọjọ́rú Tòún

Ìró tó kọ́kọ́ wọ Tòún létí láyé ni ti ọ̀rá ẹja tó ń kán sórí ẹyín iná. Ṣìì. Yóò dákẹ́ díẹ̀. Ṣìì. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló wà nígbà náà, létí òkun ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Nígbà tó dàgbà tó wá sí Èkó, kò kọ́ iṣẹ́ mìíràn. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ló fi yan ẹja lẹ́yìn ilé tó háyà ní Ìṣẹ̀rí-Olófin. Ẹja yíyan ló fi sin òkú ọkọ rẹ̀, òun náà ló fi tọ́ ọmọ kan ṣoṣo tó bí, títí ọmọ fi wọ bàálù lọ sí òkè òkun.

Nígbà tí èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú, ó rò pé ọjọ́ ogbó ló dé. Nílé ìwòsàn ni nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Hephzibah ti jókòó tì í, tó là á yé e pé èéfín ló ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Kì í ṣe ikọ́ ẹ̀gbẹ, kò lè ran ẹnikẹ́ni, kò sì ní lọ tán, ṣùgbọ́n wọn yóò máa tọ́jú rẹ̀. Ó fún un ní íńhélà tí yóò máa fà sẹ́nu, ó sì kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ sún mọ́ èéfín mọ́, irú èéfín yòówù kó jẹ́. Lẹ́yìn náà ló béèrè ta ló wà pẹ̀lú rẹ̀ nílé, torí ìbẹ̀rù àìsàn yìí, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dá gbé.

Tòún ní, “Mo ní ìjọ.”

Ó ní ìjọ lóòótọ́. Ní gbogbo ọ̀sán Ọjọ́rú, àwọn obìnrin ìjọ aláṣọ funfun tó ń lọ ní Ìkọ̀tún máa ń wá sí yàrá rẹ̀. Ọ̀kan á ya irun rẹ̀, ọ̀kan á fi òróró ra á lẹ́yìn. Fẹ́kọ́mi, tí wọ́n jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin láti ogún ọdún, á máa sín ọ̀gá akọrin jẹ títí Tòún á fi rẹ́rìn-ín débi ikọ́. Wọ́n á bá Fẹ́kọ́mi wí pé kó má pa èèyàn fún wọn.

“Ẹ jẹ́ ó rẹ́rìn-ín jàre,” Fẹ́kọ́mi á ní. “Ṣebí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín ṣì ń mí.”

Nígbà tí àyà bá há, bí ẹni tó ń rì sómi ló máa ń rí lára Tòún. Ọwọ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń sọ fún un pé kò tíì rì. Láti Ọjọ́bọ̀ ló ti máa ń ka ọjọ́ dé Ọjọ́rú.

Ọjọ́rú kan, Wòlíì Oyèníran tẹ̀ lé wọn wá. Àánú ló gbé e wá. Ó tan àbẹ́là méje, ó da tùràrí sórí ẹyín iná nínú àwo, ó sì ń fì í yí ibùsùn ká. Fèrèsé kan ṣoṣo ni yàrá náà ní. Àyà Tòún dì pa. Ó nawọ́ sókè pé kí wọ́n dúró, ohùn ò jáde. Wòlíì rí ọwọ́ náà, ó rí ojú tó yọ síta, ó ní ẹ̀mí burúkú ni kò lè fara da tùràrí, kí wọ́n bù sí i. Wọ́n bù sí i. Eékún ni Tòún fi wọ́ jáde sẹ́yìnkùlé, íńhélà ní ìkúùkù rẹ̀. Nínú yàrá, wọ́n ń kọrin ayọ̀ pé ẹ̀mí náà ti ń lọ.

Nígbà tí wọ́n padà wá ní Ọjọ́rú kejì, ó ti jókòó dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà. Láti àárọ̀ ló ti ń ṣa ọ̀rọ̀ náà jọ.

“Wòlíì, mo fẹ́ àdúrà yín. Ẹ máa wá. Ẹ ṣáà bá mi fi tùràrí sílẹ̀ sí ṣọ́ọ̀ṣì.”

Wòlíì ò bínú. Ojú àánú ló fi wò ó, ìyẹn ló sì burú jù. “Màmá,” ó ní, “ta ló ń fi ẹnu yín sọ̀rọ̀?”

Tòún ṣàlàyé ẹja, ó ṣàlàyé nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló ń já láàárín torí èémí kò tó o, gbogbo ibi tó sì ti já ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹlòmíràn. Àwọn obìnrin náà ń wolẹ̀. Wòlíì ní ọjọ́ tó bá fẹnu ara rẹ̀ béèrè tùràrí, àwọn á padà wá.

Ọjọ́rú mẹ́ta kọjá. Ọmọ rẹ̀ pè é lórí fóònù, Tòún ní òun wà dáadáa.

Ní Ọjọ́rú kẹrin, Fẹ́kọ́mi yọ́ kẹ́lẹ́ wá, òun nìkan. Kò mú àwo tùràrí dání. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dì mọ́ Tòún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra á lẹ́yìn bí ìgbà àtijọ́. Ṣùgbọ́n ìsìn ló ti ń bọ̀, sùtánà rẹ̀ sì ti mu tùràrí bí aṣọ ṣe ń mu omi. Tòún gbọ́ òórùn náà. Ó sé èémí mọ́nú kí ọwọ́ yẹn lè pẹ́ díẹ̀ sí i lẹ́yìn òun. Ó sé e títí ojú rẹ̀ fi ṣú, kí ikọ́ tó já a gbà. Ọwọ́ méjèèjì ló fi ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ dà nù.

Fẹ́kọ́mi wo yàrá yíká. Kò sí iná, kò sí èéfín. Ojú rẹ̀ yí padà.

“Aṣọ mímọ́ lásán ni o, Tòún,” ó ní, jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń béèrè. Ó fi ẹ̀yìn rìn jáde, kò sì pa ilẹ̀kùn dé.

Tòún fa íńhélà lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró kí àyà tú. Òógùn ti rin ibùsùn gbindin. Ó ká aṣọ ibùsùn náà kúrò, ó mú òmíràn. Ó ki igun kìíní bọ abẹ́ tìmùtìmù, ó jókòó. Ó ki ìkejì, ó jókòó. Ìkẹta. Ara ògiri ni ìkẹrin wà, ibi tó máa ń gba èèyàn méjì láti ki aṣọ sí. Ó dojú bolẹ̀ lórí ibùsùn, ó na apá, ó fi orí ìka tì í wọlé díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dìde, tó sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ aṣọ náà títí kò fi ku ibi tó hun jọ.