Òṣìṣẹ́ Tí Ẹnikẹ́ni Ò Gbà Síṣẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ní jíjókòó sídìí kọ̀ǹpútà kì í ṣe iṣẹ́, ẹ wá bi obìnrin yìí wò. Mọ́ọ̀dù ló ń ṣe, kì í ṣe ti búlọ́ọ̀kù o, ti ojú-ewé wẹ́ẹ́bùsáìtì ni. Ó ṣe ọ̀kan tí wọ́n fi ń to àwọn òṣìṣẹ́ wọn sórí wẹ́ẹ́bùsáìtì, iléeṣẹ́ mọ́kàndínlógún sì ń lò ó. Wọ́n á kọ orúkọ, wọ́n á fi fọ́tò sí i, ó parí.

Nígbà tó ń dán an wò, fọ́tò àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló fi dí àyè fọ́tò tó bá ṣófo. Àbúrò rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti bá mi ríṣẹ́ nìyẹn!" Ẹ̀gbọ́n gbàgbé láti yọ ọ́.

Ọdún kejì, àbúrò kú. Òṣìṣẹ́ yòówù tí kò bá ní fọ́tò, ojú olóògbé ló ń yọ síbẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín: ó di nọ́ọ̀sì níhìn-ín, ó di awakọ̀ lọ́hùn-ún. Ẹ̀gbọ́n rí i. Ìlà kóòdù kan péré tó ń gbé fọ́tò náà jáde ló fẹ́ pa rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ọ̀gá iléèwé kan fi ìbínú pè é: "Ta ni ọkùnrin yìí? A ò gbà á síṣẹ́ o!" Ojú tì í, ó pa ìlà náà rẹ́.

Ọ̀sán ò tíì pọ́n tí ìyá rẹ̀ fi pè.

"Àràárọ̀ ni mo máa ń wò ó lórí fóònù, níbi iṣẹ́ rẹ̀ gbogbo. Lónìí, mi ò bá a níbì kankan. Ta ló lé ọmọ mi?"