Àyè Tí Màámi Fi Sínú Aṣọ Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tójú mi rí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Aṣọ àtijọ́ ló pa mí lẹ́kún o!

Ìsinmi ìbímọ mi ti parí, ọjọ́ Ajé ni mo gbọ́dọ̀ padà sí ọ́fíìsì ní Dùgbẹ̀. Ní Sátidé, mo kó gbogbo aṣọ mi sórí bẹ́ẹ̀dì nílé wa l'Ágbowó, mo ń wọ̀ wọ́n wò. Èyí ò kọjá ìdí. Tọ̀hún, bọ́tìnnì ò pàdé ihò rẹ̀ láyà. Ṣé ẹ mọ bí àyà abiyamọ ṣe ń rí? Síìpù ọ̀kan tiẹ̀ já mọ́ mi lọ́wọ́. Ti aṣọ tuntun kọ́ la sì ń sọ nílé wa báyìí, ti ọmọ ló kàn. Mo bá jókòó, mo bú sẹ́kún.

Ẹ má rò pé nítorí aṣọ nìkan ni. Ọdún mẹ́jọ ni èmi àti ọkọ mi fi wá ọmọ yìí. Àwọn kan ní ọ́fíìsì ti sọ̀rọ̀ mi títí, ó ti sú wọn. Mo fẹ́ kí wọ́n rí mi lọ́jọ́ náà, kí ara mi máa dán, kí wọ́n rí i pé ayọ̀ ti dé.

Màámi, tí wọ́n wá láti Òkè-Àdó wá bá wa wẹ ọmọ, ló bá mi níbi tí mo ti ń sunkún. Télọ̀ ni wọ́n, àwọn ló sì rán èyí tó pọ̀ jù nínú aṣọ mi. Wọ́n ní kí n gba ọmọ lọ́wọ́ àwọn, kí n yéé da omijé sórí aṣọ. Wọ́n mú búbà àti síkẹ́ẹ̀tì àńkárá aláwọ̀ aró kan tó ti pẹ́, wọ́n yí inú rẹ̀ síta, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi bíléèdì tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Àṣé aṣọ pọ̀ nínú rẹ̀! Wọ́n ká a sínú lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n tú òmíràn, bákan náà ni. Mo bi wọ́n pé irú rírán wo nìyẹn, ṣé wọn kì í gé ìyókù dànù ni?

Wọn ò wojú mi. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, gbogbo èyí tí mo rán fún ẹ látọjọ́ tó o ti wọlé ọkọ, mo fi àyè oyún sí i. Àyè ọmú náà wà níbẹ̀."

Ẹ gbọ́ ná. Láàárín gbogbo ọdún yẹn, Màámi ò bi mí léèrè oyún rí. Ó máa ń dùn mí wọra. Mo rò pé wọ́n ti sọ ìrètí nù lórí ọ̀rọ̀ mi ni. Mo dì mọ́ wọn, a jọ sunkún, ọmọ náà sì bá wa ké.

Nígbà tí wọ́n rán an tán, ibi tí wọ́n tú ṣì dúdú dáadáa, ìyókù sì ti ṣá. Mo ní ó ti dà bí aṣọ tí wọ́n lẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gé lára gèlè rẹ̀ tí mi ò wé rí, wọ́n fi rán etí ọrùn àti etí ọwọ́ búbà. Ni gbogbo rẹ̀ bá bára mu!

Lọ́jọ́ Ajé, àwọn ará ọ́fíìsì yí mi ká. Wọ́n ń bi mí pé dìsáínà wo ní Bódìjà ló rán an. Mo ní ìyá mi ni, aṣọ àtijọ́ sì ni. Wọn ò gbà.

Nítorí náà, kí ẹ tó sọ pé ẹ ò láṣọ, ẹ yí inú èyí tẹ́ ẹ ní síta, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá sì dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yín, ẹ má tètè rò pé kò bìkítà. Mo ro ti ìyá mi bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti ń bá yín retí ohun kan láìjẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀? Ẹ kọ ọ́ síbí. Bí onítọ̀hún bá ṣì wà láyé, ẹ kọ́kọ́ lọ kí i ná.